Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Yàrá Orin

Ilẹ̀kùn Yàrá Orin ṣí fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ ṣe ní kó ṣí. Iná àwọ̀ ewé tàn lára rẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kọ́ orin tì í, kò lọ. Ohun kan dènà rẹ̀ láti inú. Wọ́n jùmọ̀ tì í. Ohun náà yẹ̀ díẹ̀. Bàbá Akọrin ni.

Ó ti jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó ti kú láti àná. Ọwọ́ ilẹ̀kùn wà nínú ìkúùkù rẹ̀. Ó fún un pinpin, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́, nítorí kò sí ẹni tó gbọ́ igbe rẹ̀ rí. Àwọn olè tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń sọ pé àwọn ìbá kúkú yan ẹni tó ń gbáni létí.

Ó dúró láàárín yàrá náà, ó wò yíká. Kò sí fèrèsé. Fóòmù dúdú ni wọ́n fi bo gbogbo ògiri, kí ohùn àwọn akọrin má baà dí àwọn tó ń gbàdúrà lọ́wọ́. Ẹni tó bá kígbe níbẹ̀, ara rẹ̀ ló ń kígbe sí. Ìgò kékeré kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òkú. Oògùn tó máa ń fín sẹ́nu ni, nígbà tí ikọ́ fée bá gbé e. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ mì ín. Ó ti gbẹ.

Apẹ̀rẹ̀ kan wà níta, lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Akọrin ló ṣòfin pé kí olúkúlùkù ju fóònù sínú rẹ̀ kó tó wọlé kọrin. Fóònù tirẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ló ṣòfin, kò sì rú u.

Pásítọ̀ ṣàlàyé bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ìjọ ṣe ń pọ̀ sí i ni ìjà yàrá ń pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ méjì á dé sẹ́nu ọ̀nà kan náà, Bíbélì lọ́wọ́, ìbínú lójú. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ra ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì so àwọn ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá á gbà á sílẹ̀ lórí ètò náà, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, á sì tẹ nọ́ńbà yẹn sára ilẹ̀kùn. Bí àkókò rẹ̀ bá pé, iná á kú, ilẹ̀kùn á sì tì mọ́ ẹni tó wà níta. Ní ti ẹni tó wà nínú, kò níṣòro. Á kàn tẹ ọwọ́ ilẹ̀kùn, á sì jáde.

“Ọwọ́ ilẹ̀kùn ló yọ, ọ̀gá,” ni Pásítọ̀ wí. “Ìjàǹbá ni. Ẹ jẹ́ ká gbé bàbá lọ sinmi.”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ tọ ilẹ̀ láti igun dé igun. Ó wo abẹ́ dùùrù. Ó wo àpò òkú.

“Kí lẹ ń wá?”

“Nọ́ọ̀tì tó de ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ra. Ohun tó bá tú fúnra rẹ̀, ilẹ̀ níbí ni nọ́ọ̀tì rẹ̀ yóò bọ́ sí.”

Kò sí nọ́ọ̀tì nílẹ̀.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ihò kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣì wà lára ilẹ̀kùn náà, nísàlẹ̀ àwọn nọ́ńbà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ohun kan dán nínú ihò náà, ó kéré bí eyín ọmọ ọwọ́. Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí sájẹ́ńtì òun ti gbogbo ẹnu ọ̀nà tó jáde sí títì, kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé.

Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ bi léèrè. Ọ́fíìsì rẹ̀ há. Tábìlì gba ìdajì, kọ́bọ́ọ̀dù gba ìyókù, ó sì jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú oyún tó ti ga. Kò lè jáde láìjẹ́ pé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Níta, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó òkú gbé àga sí iwájú ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà gan-an, ó jókòó sórí rẹ̀. Kò sunkún. Ó ń wo ilẹ̀kùn.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìyàwó ọmọ wọn ni akọ̀wé yìí. Inú ilé Bàbá Akọrin ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Òun náà ló to gbogbo yàrá ṣọ́ọ̀ṣì sínú kọ̀ǹpútà. Ó fi orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan sí i, iye ènìyàn tó ń gbà, bóyá dùùrù wà níbẹ̀ tàbí pátákó, àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó. Nígbà tó kan Yàrá Orin, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ìjọ ló ni ín. Bàbá Akọrin ti ń lo yàrá yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Níwájú gbogbo akọrin ló ti sọ pé ìyàwó tí òun fi ẹnu ara òun tọrọ ló wá gba yàrá lọ́wọ́ òun. Láti ìgbà náà, kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn á lọ sùn sílé àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi wá a ní àná.

Gbogbo èyí ni akọ̀wé sọ láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú un. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí kọ̀ǹpútà.

“O lè ti ẹnikẹ́ni mọ́lé látorí àga tóo wà yìí?”

“Rárá, sà. Ẹ̀rọ ló ń tì í. Èmi lè ṣí i ni.”

“Tí ẹnì kan bá wá bá ọ lánàá pé kóo ṣí Yàrá Orin ńkọ́?”

“Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti ṣí i.” Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. “Ibí ni mo wà, sà. Ibí ni mo jókòó sí títí mo fi lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ nǹkan kan.”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wo ojú kọ̀ǹpútà. Ètò náà fi hàn pé ẹnì kan ti yí nǹkan padà lórí rẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n rí òkú, kí ọlọ́pàá tó dé. Orúkọ akọ̀wé ló wà níbẹ̀. Ó bi í pé kí ló yí. Akọ̀wé wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“N ò yí nǹkan kan, sà.”

Irọ́ ni. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, akọ̀wé sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Màmá Akọrin ṣì wà lórí àga.

“Ṣé òun ni?”

“N kò tíì mọ̀, Màmá.”

“Ọmọ ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀,” ni obìnrin náà wí. “Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ tètè sọ fún mi, kí n lè mọ ojú tí n ó fi máa wo ọmọ yẹn.”

Ẹni tó kàn ni Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́. Òun ló ń tọ́jú ilé ìjọsìn láti ìgbà tó ṣì wà ní ìpìlẹ̀. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan wà ní ìbàdí rẹ̀, ó tóbi bí orí ìkòkò. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà jíjìn, wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Ṣaworo. Nígbà kan, kò sí ẹni tó lè wọ yàrá kankan láìjẹ́ pé ó kí i. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, kò sí kọ́kọ́rọ́ tó ń lò mọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò bọ́ wọn kúrò ní ìbàdí. Iṣẹ́ tó kù fún un ni gbígbálẹ̀ láràárọ̀.

Ojú rẹ̀ pọ́n. “Bí ojú bá ń sunkún, imú a bá a sun ún,” ló wí. “Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ ru bíríkì ilé yìí. Ẹ̀rọ ló pa á. Mo sọ ọ́ níwájú ìjọ pé nǹkan yìí á pààyàn. Wọ́n fi mí ṣẹ̀rín.”

“Níbo lẹ wà lọ́sàn-án àná, Bàbá?”

“Gbọ̀ngàn Kékeré. Mo ń to àga. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ títí mo fi lọ sílé. Ẹ lọ wò ó lójú ẹ̀rọ wọn. Nọ́ńbà tí ìyàwó yẹn fún mi ni mo tẹ̀.”

“Ẹ̀rọ tí ẹ ní ó ń pààyàn.”

“Mo ní ó ń pààyàn. N ò ní ó ń purọ́.”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó padà lọ wo ojú kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, orúkọ Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ wà níwájú Gbọ̀ngàn Kékeré, nọ́ńbà rẹ̀ sì ti ṣí ilẹ̀kùn náà lọ́sàn-án. Àwọn ọmọdé nìkan ni ẹlòmíràn tó lo yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ń kọ́ eré nínú Yàrá Ọ̀dọ́. Ojú kọ̀ǹpútà kò fi ẹnì kankan hàn tó wà nítòsí Bàbá Akọrin bí kò ṣe akọ̀wé.

Ó lọ fi ojú ara rẹ̀ wo Gbọ̀ngàn Kékeré. Ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ti Yàrá Orin jọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ẹ̀gbẹ́ kan gbọ̀ngàn náà kì í ṣe ògiri gidi. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n so pọ̀, tó ṣeé ká jọ bí aṣọ fèrèsé. Bí wọ́n bá nà án, yàrá méjì ni. Bí wọ́n bá ká a, yàrá méjèèjì á di ọ̀kan, òun ni wọ́n ń pè ní Gbọ̀ngàn Ńlá. Nínà ló wà ní àárọ̀ yẹn.

Ìlà ṣọ́ọ̀kì kan wà nílẹ̀. Ó jáde lábẹ́ ògiri pákó, ó yípo lọ, ó tún padà wọ abẹ́ rẹ̀. Ó dà bí orí ẹja ńlá kan. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ gba ìta yípo lọ sí apá kejì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Ó bá ìyókù ẹja níbẹ̀. Ó dúró wò ó pẹ́.

Tíṣà àwọn ọmọdé jẹ́ obìnrin tó máa ń sunkún tó sì máa ń ṣàwàdà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kì í ṣe ẹja. Ọkọ̀ Nóà ni, kí ọ̀gá má bínú, àwọn gbàgbé láti nù ún. Erin méjì ni òun ní, ọ̀kan nínú wọn ń sunkún pé kìnnìún lòun fẹ́ jẹ́. Nóà fúnra rẹ̀ ti sọ bàtà ẹsẹ̀ kan nù sínú ọkọ̀.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ní ohun tí òun rí lójú kọ̀ǹpútà ni pé Yàrá Ọ̀dọ́ ni wọ́n lò.

“Yàrá Ọ̀dọ́ kẹ̀? Ọkọ̀ Nóà wo ló máa gba ibẹ̀, ọ̀gá? Ibẹ̀ ò gba ewúrẹ́ méjì. Gbọ̀ngàn Ńlá ni mo gbà sílẹ̀, ibẹ̀ náà la lò.”

“Ta ló ká ògiri?”

“Èmi àtàwọn ọmọ. Tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wá Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ lọ kẹ́ ẹ tó lè ká a, torí kọ́kọ́rọ́ wọn la fi ń tú u. Ní báyìí ẹ kàn máa fà á ni. A ò sọ fún wọn mọ́.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Tí ẹ bá sọ fún wọn, ẹ ò ní tètè lọ. Kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́. Ohun tó bá dunni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ bi í bóyá ẹnì kan gba ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé bá wọn. Tíṣà ní rárá. Ó ronú díẹ̀. Ó ní iná ilẹ̀kùn náà tàn lẹ́ẹ̀kan, iná àwọ̀ ewé, ó sì dún kìn-ín bó ṣe máa ń dún. Àwọn ọmọ ní áńgẹ́lì ni. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n dojú kọ ilẹ̀kùn, wọ́n dúró dè é.

“Ẹnikẹ́ni ò wọlé,” ni Tíṣà wí.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ lọ wo Yàrá Ọ̀dọ́. Kápẹ́ẹ̀tì ló bo ilẹ̀ ibẹ̀ láti igun dé igun. Kò sí ẹni tó lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sórí rẹ̀.

Wọ́n ti gbé òkú lọ. Ó wọ Yàrá Orin, ó ní kí sájẹ́ńtì ti òun mọ́ ibẹ̀, kó sì dúró níta. Ọwọ́ ilẹ̀kùn kò sí, nítorí náà òun náà kò lè jáde. Kò pẹ́ tí àkókò yàrá náà pé, iná kú. Òkùnkùn náà nípọn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn dákẹ́. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbọ́ ọkàn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn, fóòmù ló bá. Ó wá a síwájú, fóòmù náà ni. Ẹ̀rù bà á. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò tijú láti mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun. Nígbà tó rí ilẹ̀kùn, ó jókòó síbi tí òkú jókòó sí, ó wúkọ́.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Sájẹ́ńtì ní nígbà tí òun dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbé etí sún mọ́ ihò kọ́kọ́rọ́, ńṣe ló dà bí ẹni pé ọ̀gá ń wúkọ́ sí òun létí.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ nu ojú rẹ̀. Ó padà sí ọ́fíìsì tó há náà.

“Mo rí ọkọ̀ Nóà lónìí,” ló sọ fún akọ̀wé. “Wọ́n fi ògiri gé e sí méjì.”

Akọ̀wé bo ojú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kò dá a dúró. Àṣìṣe ni. Nígbà tó ń to àwọn yàrá sínú ètò, ó fi Gbọ̀ngàn Ńlá sí i, ó fi Gbọ̀ngàn Kékeré sí i, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹ̀rọ pé ọ̀kan wà nínú ìkejì. Ẹ̀rọ kò mọ ilé. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló mọ̀. Nígbà tí Tíṣà gba Gbọ̀ngàn Ńlá, tí Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ sì gba Gbọ̀ngàn Kékeré fún ọ̀sán kan náà, ó gbà fún àwọn méjèèjì. Láàárọ̀ ló rí i. Ó yára tún un ṣe, ó sì gbé àwọn ọmọdé lọ sí Yàrá Ọ̀dọ́ lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀.

“Pásítọ̀ ti sọ pé tí ẹ̀rọ bá fún èèyàn méjì ní yàrá kan náà lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn á yọ ọ́, èmi náà á sì máa lọ. Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kì í ṣàṣìṣe. Wọ́n bá òkú bàbá ọkọ mi nínú yàrá tí mo tò. Mo wò ó pé tí wọ́n bá rí àṣìṣe kan, wọ́n á ní òmíràn ló pa á. Màmá wà níta yẹn, sà. Mo gbọ́ ìró àga wọn.”

“Ta ló gba Gbọ̀ngàn Kékeré sílẹ̀ fún Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́?”

“Èmi ni. Wọ́n wá bá mi. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ti gbà.”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dìde. Ó ní kí gbogbo wọn pàdé òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú Yàrá Orin.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà há, wọ́n sì fara kan ògiri. Pásítọ̀ dúró, Tíṣà dúró tì í. Màmá Akọrin gbé àga rẹ̀ wá. Akọ̀wé fara ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n gbọ́ Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ kí wọ́n tó rí i.

“Bàbá,” ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí, “ẹ bá mi fi kọ́kọ́rọ́ yín ṣí yàrá yìí.”

“Kọ́kọ́rọ́ mi ò ṣí i mọ́.”

“Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ yíjú sí Pásítọ̀. Pásítọ̀ ní nígbà tí wọ́n ń so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi ihò kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n kàn pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀.

“Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí wá, Bàbá.”

Ọwọ́ bàbá náà lọ sí ìbàdí. Bí àwọn ilẹ̀kùn ṣe tò tẹ̀ léra ni kọ́kọ́rọ́ ṣe tò tẹ̀ léra, kò nílò láti wò ó. Ó fa ọ̀kan yọ láàárín wọn, ó nà án. Ẹnu rẹ̀ ti kán. Sájẹ́ńtì ti fi irin wínníwínní yọ èyí tó wà nínú ihò. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ tò ó mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ bàbá náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Nọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé èèyàn ló ṣe é,” ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Ẹni tó tú u mú un lọ, ó sì rọra fi ọwọ́ ilẹ̀kùn síbẹ̀ kó lè yọ sọ́wọ́ ẹni tó bá fà á. Ẹni tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ló lè rí àyè ṣe é. Mo wá rí irin nínú ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó fẹ́ ti èèyàn mọ́lé kọ́ ló ń ki kọ́kọ́rọ́ bọlẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ ṣí i ni. Nítorí náà mo mọ̀ pé ẹnì kan náà ló tì í, tó sì tún fẹ́ ṣí i. Akọ̀wé ò nílò kọ́kọ́rọ́. Orí àga ló máa ń ṣí tirẹ̀.”

Ó kọjú sí Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́.

“Ẹ sọ fún mi pé Gbọ̀ngàn Kékeré lẹ wà, Bàbá, pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Kò sí Gbọ̀ngàn Kékeré lánàá. Wọ́n ti ká ògiri. Ọkọ̀ Nóà àtàwọn ọmọ ló kún ibẹ̀. Tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn náà bó ti wù kó kéré mọ, ẹ̀ bá rí wọn. Ẹ kàn tẹ nọ́ńbà, ẹ rí iná, ẹ yí padà. Ẹ fẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ ní iṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Ẹ gbọ́ ariwo ọmọdé, ẹ rò pé ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n wà. Nígbà kan, kò sí ẹni tó lè ká ògiri yẹn láìsọ fún yín.”

“Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi mọ́,” ni Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ wí.

“Kí lẹ fẹ́ ṣe?”

“Mo fẹ́ kó há díẹ̀ ni. Kí gbogbo èèyàn sá wá. Kí wọ́n ní ẹ̀rọ ló há a mọ́. Kí èmi wá ṣí i.” Ó wo kọ́kọ́rọ́ tó kán. “Kí wọ́n dá wọn padà fún mi.”

Màmá Akọrin dìde lórí àga.

“Ṣé ó pè ọ́?”

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ fara ti ògiri. Kò sí ibi tó lè yà sí. Sájẹ́ńtì wà lápá kan, gbogbo wọn wà lápá kejì.

“Ó gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ mi,” ló wí. “Ó ní, ‘A, ìwọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé wàá wá.’ Ó ń wúkọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò yí. Mo fipá yí i, ó kán.”

“Akọ̀wé wà ní ọ́fíìsì,” ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí. “Ọ̀rọ̀ kan péré.”

“Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo rí i níwájú nǹkan yẹn, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní tí mo bá sọ fún un, òun ló máa ṣí i. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ló yọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ ló há a mọ́. Ẹnu mi ò ṣí. Mo lọ wá sukudiráfà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo padà dé, n ò gbọ́ ikọ́ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ó ti sùn.”

Akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Ó rántí òjìji kan tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́sàn-án àná, àti ìró kọ́kọ́rọ́. Kò gbójú sókè nígbà náà. Ó rò pé bàbá náà fẹ́ bú òun ni.

Màmá Akọrin rìn lọ bá a. Ó dúró lé e lórí. Gbogbo wọn ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́.

“Ìyàwó mi, dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù.”

Akọ̀wé di ọwọ́ náà mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ gba ìdì kọ́kọ́rọ́. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló tú u ní ìbàdí, ó sì pẹ́ kó tó tú, nítorí okùn náà ti wọnú aṣọ. Ó wúwo ju bí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ṣe rò lọ. Nígbà tí bàbá náà ń rìn lọ sí ìta, kò dún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn rí i tó ń rìn láìdún.

Wọ́n fi í sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Sájẹ́ńtì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ ọn, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níbi tó ti ń bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Oòrùn mú. Wọ́n ti gbé gíláàsì sókè. Bàbá náà sún sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá kì í ní ọwọ́ ilẹ̀kùn nínú, lẹ́yìn. Kò mọ̀. Ó ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.